Kò Gbọdọ̀ Kú Sínú Omi

Rárá. Mi ò gbé e fún ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n tò láti ìlú Tolmin títí dé ẹnu ọ̀nà mi, kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, mi ò gbé e.

Kòròbá tí Teja, òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ẹja odò wò, fi sílẹ̀ lánàá ṣì wà níbi tó gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo ti dojú rẹ̀ bolẹ̀ kí n má baà máa wo inú rẹ̀. Kòròbá funfun tó ní ọmọrí, ọmọrí tó ní ihò wẹ́wẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé — afẹ́fẹ́ kí ni? Ẹja tí ẹ fẹ́ gé lórí, tí ẹ fẹ́ la agbárí rẹ̀ wò lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ẹ tún ń wá afẹ́fẹ́ fún un? Ó sì rọra gbé e kalẹ̀, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ká ní ó pariwo mọ́ mi ni, ká ní ó na ìwé ìjọba sí mi, mo mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Ṣùgbọ́n ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn... "Ẹ̀gbọ́n Venko, mi ò ní fipá mú un. Ẹ rò ó wò. Tí agogo ọ̀sán bá ti dún lọ́la, màá gòkè wá."

Kí n rò ó wò. Kí ni kí n rò? Mo ti rò ó tán kó tó yí mọ́tò rẹ̀ padà.

Mo jókòó sétí ọpọ́n òkúta, ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, mo ń gbẹ́ ẹnu-omi tuntun. Igi oníhò tí omi ìsun ń gbà já bọ́ sínú ọpọ́n ti jẹrà. Ewéédò ti bò ó, omi ń yọ lára rẹ̀ níbi tí kò yẹ. Igi tuntun yìí le. Èmi ni mo gé e lórí òkè, mo fi í sábẹ́ àjà kó gbẹ, ó ti gbẹ dáadáa. Ọ̀bẹ ń lọ. Èérún igi ń bọ́ sórí bàtà mi. Ẹni tó ń kó kúrò nílé kì í gbẹ́ ẹnu-omi tuntun. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ojú, kó fi wo èyí.

Nínú ọpọ́n, ẹja náà ń yípo.

Ó gùn láti ìgbọ̀nwọ́ mi dé ọrùn ọwọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ìhà rẹ̀ kún fún àmì pupa wẹ́wẹ́. Postrv ni à ń pè é, ẹja omi tútù, èyí tí wọ́n ń mú láti odò ńlá ìsàlẹ̀. Ó ń lọ, ó ń yípo, ó ń padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọpọ́n rìbìtì ni. Níbo ni kó gbà?

Rafko ló bẹ̀ ẹ́ wò níjọ́ sí. Rafko tó ní ilé àlejò lábẹ́ Àpáta, níbi tí odò Hladna ti ń já láti òkè. Òun ló ń ta ìwé àṣẹ fún àwọn apẹja tó ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Ó fi ọwọ́ lé orúnkún, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbí. "Háà! Venko, wò ó bó ṣe ń yí! Òòyì ti kọ́ ọ! Ìwọ náà ńkọ́? Ẹni tó bá ń dá gbé pẹ̀lú ẹja, òòyì ò ní í pẹ́ẹ́ kọ́ òun náà." Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi húkọ́. Mi ò dá a lóhùn. Wọ́n rò pé ẹni tí kò bá dáhùn ti gbà.

Òòyì. Ọ̀rọ̀ burúkú. Lẹ́nu wa níbí, ọ̀rọ̀ kan náà là ń lò fún ẹja àti fún ènìyàn, nítorí náà nígbà tí Teja kọ́kọ́ dé pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ tó sọ pé òun ń wá ibi tí òòyì ti dé, àwọn àgbà abẹ́ Àpáta fọwọ́ kan iwájú orí wọn, bí ẹni ń sọ pé orí rẹ̀ kò pé. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún un pé òòyì ń kọ́ òun láràárọ̀ tí òun bá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣé ó ní oògùn rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òòyì ẹja ni. Mi ò rẹ́rìn-ín ní tèmi. Òòyì ló mú màmá mi ní...

Ká fi màmá sílẹ̀ ná.

Ẹja yìí ò ṣàìsàn. Mo fẹ́ sọ ọ́ lóhùn rara kí n lè gbọ́ ọ: kò ṣàìsàn! Ó ń jẹun. Tí mo bá ju ekòló sí i, kò jẹ́ kó dé ìsàlẹ̀. Ara rẹ̀ gún. Mo ti rí èyí tó ṣàìsàn, mo mọ̀ bó ṣe ń rí. Mo bá Teja ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òun níwájú pẹ̀lú bátìrì lẹ́yìn àti ọ̀pá iná lọ́wọ́, èmi lẹ́yìn pẹ̀lú àwọ̀n àti kòròbá. Ó ń fi ọ̀pá kan omi, àwọn ẹja á léfòó, wọ́n á fi ikùn funfun hàn bí ẹni tó sùn, màá kó wọn sínú kòròbá kí wọ́n tó jí. A ń wọ̀n wọ́n, a ń dá èyí tó pọ̀ jù padà, a sì ń tọ́jú orí àwọn díẹ̀. Tí a bá ti kúrò nínú omi kan, a ó fọ bàtà wa pẹ̀lú oògùn apakòkòrò kí a tó wọ òmíràn, títí ihò imú ó fi máa ta èèyàn. Iṣẹ́ dáadáa ni. Mi ò sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ dáadáa.

A ṣe é lábẹ́ Àpáta. Àwọn alámì pupa ló wà níbẹ̀. Kòkòrò tó ń fa òòyì wà lára wọn, ó sì ti pẹ́ tó ti wà, wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń bá a gbé. Lẹ́yìn náà a gun òkè Àpáta. Òkè Àpáta ni tiwọn, àwọn aláràbarà, ẹja tí ara rẹ̀ dà bí òkúta tí omi fọ̀, tí kò sí níbòmíràn tó mọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹja tó lè gun Àpáta láti ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mọ́, tí irú mìíràn ò dà pọ̀ mọ́ wọn. Teja ti ń rẹ́rìn-ín bí a ṣe ń gòkè. "Ẹ̀gbọ́n, níbí la ó ti simi."

Omi tó dákẹ́ kan wà lẹ́yìn òkúta ńlá. Àwọn ọmọ ẹja wà nínú rẹ̀, kéré, bí ewé. Wọ́n ń yí. Kì í ṣe bí ẹja ṣe ń yí tó bá rí oúnjẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń lé ìrù ara rẹ̀, yíyí, yíyí, ó dúró bí ẹni tó kú, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìrù wọn dúdú bí ohun tí wọ́n tì bọ inú yíǹkì. Teja yọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kúrò, ó tún wọ̀ ọ́, ó tún yọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, lórí òkúta, bí a ṣe ń jẹ búrẹ́dì àti wàrà líle. Kòkòrò náà kéré ju ohun tí ojú lè rí. Eegun rírọ̀ orí ọmọ ẹja ló ń jẹ. Kì í dá wà. Inú ẹja ló ń gbé, inú aràn pupa tó wà nínú ẹrẹ̀ ló tún ń gbé, láti inú èyí sínú èyí. Mo ronú nípa àfòmọ́ orí igi. Àfòmọ́ ò légbò, gbogbo igi ní í bá tan. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ó ní tí ẹja bá kú...

Ó ní tí ẹja bá kú...

Mi ò fẹ́ rántí èyí. Èérún igi ti wọ inú omi, kí n kó o kúrò.

Ó wá sókè wá wò mí. Ẹja yìí ni mò ń sọ. Ó wá sókè nítorí èérún igi, ó rò pé oúnjẹ ni, ó fi imú kàn án, ó padà. Ọlọ́gbọ́n. Aṣọ́lé. Ohun tí à ń pè é nìyẹn ní Zaskala, abúlé wa, kì í ṣe ẹja. Gbogbo ilé tó bá ní ọpọ́n ló ní aṣọ́lé tirẹ̀. Ó ń jẹ kòkòrò inú omi, ó ń jẹ ìdin, kì í jẹ́ kí omi kó ìdọ̀tí. Tí ohunkóhun tó burú bá bá omi wá láti inú òkè, òun ni yóò kọ́kọ́ fi hàn. Àlejò tó bá yà ń mu omi, ó ń wo inú ọpọ́n, ó ń kí i. Èmi náà ti kí i láàárọ̀ yìí.

Nígbà tí ilé bá sì fẹ́ tì, tí ẹni tó kẹ́yìn ti di ẹrù rẹ̀, a kì í fi aṣọ́lé sílẹ̀ nínú ọpọ́n tí kò ní olúwa. A kì í jẹ ẹ́, a kì í dá a padà sódò ìsàlẹ̀ níbi tí ìwọ̀ àwọn apẹja Rafko wà. A ń gbé e lọ sínú odò òkè Àpáta. A ń tú u sílẹ̀ sínú omi tó mọ́ jù, a ó ní, "Máa lọ, o ti ṣe tìrẹ." Ọ̀wọ̀ ni. Oore ni. Ilé Bàbá Lojz tó ní fèrèsé aláwọ̀ ewé, wọ́n gbé tirẹ̀. Ilé tó wà lábẹ́ igi lípà, wọ́n gbé tirẹ̀. Ilé àwọn tó lọ sí Àríwá. Ilé àwọn ìbejì. Bí ilé ṣe ń tì ni ẹja ń gòkè, gbogbo wọn alámì pupa, gbogbo wọn láti odò ńlá...

Oore la rò pé à ń ṣe.

Kò sì sí ẹni tó ní láti sọ ọ́ fún Teja, ọmọ ibí ni. Bàbá Lojz ni bàbá àgbà rẹ̀. Ó jẹ búrẹ́dì tirẹ̀ dé àárín, ó dúró. "Ẹ̀gbọ́n, ẹyẹ lè gbé kòkòrò náà gòkè. Bàtà lè gbé e. Ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀yin mọ àwọn tó ń gbé ẹja lọ sódò òkè Àpáta." Mo gé wàrà líle sí i. "Èmi ni mo gbé ti bàbá àgbà. Nínú agolo wàrà. Mo ń kọrin fún un lójú ọ̀nà kí ẹ̀rù má bà á." Ó wá ju búrẹ́dì tó kù fún ẹyẹ.

Ó yẹ kí n ti sọ nǹkan nígbà náà. Ó yẹ kí n ti sọ pé, ọmọ, ta ló mọ̀. Mo fọ bàtà mi.

Ó dáa. Ó dáa! Kí gbogbo ìyẹn jẹ́ òótọ́. Kí ló kàn mí? Tèmi ò wọ odò òkè Àpáta. Tèmi wà nínú ọpọ́n rẹ̀ níbí, níwájú mi, níbi tí màmá fi í sí. Ta ni mo gbé e lọ bá? Gbogbo àwọn tó gbé tiwọn ti lọ, wọ́n wà nínú ilé gbígbóná, wọ́n ń tan iná láti ara ògiri. Èmi tí mo dúró, èmi ni wọ́n wá ń gbé kòròbá wá bá. Ẹni tó sá lọ ò jẹ̀bi, ẹni tó jókòó ti ilé baba rẹ̀ ni kó wá gbé ẹja rẹ̀ kalẹ̀! Ìyẹn kọ́. Ẹ wá ẹlòmíràn.

Ọ̀kan ṣoṣo ló kù. Ohun tí ojú wọn ò rí nìyẹn. Aṣọ́lé kan ṣoṣo ló kù ní Zaskala. Tí ọpọ́n yìí bá ṣófo, ilé tì. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ síbì kankan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Tí ilé yìí bá tì, Zaskala tì, ó di òkúta àti igi ẹ̀gún, àwọn àgbọ̀nrín á máa sùn nínú ilé ìdáná.

Zorka mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mọ̀ ọ́n dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi pè mí lórí fóònù ní kété tó gbọ́. Inú rẹ̀ dùn, mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀. "Venko, gbé ẹja yẹn fún ọmọ-ọmọ Lojz, kí ilẹ̀kùn náà lè rí àyè tì. Ọlọ́run ló rán an sí ọ."

Mo ní mò ń gbẹ́ ẹnu-omi.

"Fún ta? Fún ìyàwó wo? Fún ọmọ wo? Ìwọ ọmọkùnrin yìí, ìgbà òtútù ń bọ̀. Tí o bá ṣubú lórí yìnyín, ta ló máa gbé ọ dìde, ẹja? Yàrá kan wà lọ́dọ̀ mi, ó dojú kọ oòrùn."

Mo ní oòrùn ń ràn níbí náà.

"Oòrùn! Láti Oṣù Kọkànlá títí Kérésìmesì yóò fi kọjá, ẹ kì í rí oòrùn níbẹ̀. Òkè ń bò ó. Má parọ́ oòrùn fún mi, Venko, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí."

Òótọ́ ni. Kì í ràn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá padà wá, tó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kan etí ọpọ́n yìí — kò sí nínú yàrá rẹ̀ níbẹ̀, ohun tó jọ ọ́. Èmi ò lè ṣàlàyé ìyẹn lórí fóònù. Mo sọ pé ó dàárọ̀. Ó sọ pé olórí kunkun ni mí, bí baba mi. Mo gbà. Ìyẹn nìkan ni mo gbà.

Rafko ní tirẹ̀ ò fẹ́ kí n gbé e. Ẹ wo ayé. Ọ̀rẹ́ mi ló dà báyìí, ó gbé ìgò ọtí dúdú wá, ó da tèmi kún ju tirẹ̀ lọ. "Ṣe bí ọkùnrin, Venko. Tó bá dé, sọ fún un pé o ti dín in jẹ pẹ̀lú ọ̀dùnkún. Ta ló máa wo inú rẹ?" Mo bi í pé èétirí. "Èétirí! Ṣé ọmọdé ni ọ́? Tí wọ́n bá rí kòkòrò yẹn nínú aṣọ́lé, tí wọ́n mọ ọ̀nà tó gbà, wọ́n á ti odò pa lókè àti nísàlẹ̀. Kò sí apẹja, kò sí àlejò. Kí ni mo fẹ́ máa tà, afẹ́fẹ́? Dákẹ́, kó o sì jẹ́ kí ẹja rẹ dákẹ́."

Mo da ọtí náà sẹ́yìn ilé lẹ́yìn tó lọ. Mo ń sọ pé mi ò gbé e, mi ò sọ pé màá parọ́. Bí mo bá fẹ́ kọ̀, màá kọ̀ lójú rẹ̀. Rárá, Teja. Ọ̀rọ̀ kúkurú. Mi ò ní fi ẹja jíjẹ bò ó.

Ṣé mo lè sọ ọ́ lójú rẹ̀?

Mo lè sọ ọ́. Mo ti ń sọ ọ́ láti àárọ̀. Mo sọ ọ́ fún un lánàá náà, ó kù díẹ̀ kí n sọ ọ́. Mo sọ fún un pé, wò ó bó ṣe le, wò ó bí ara rẹ̀ ṣe ń dán, ṣé èyí jọ aláìsàn? Ó kúnlẹ̀ létí ọpọ́n, ó wò ó pẹ́. "Ó rẹwà," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n, èyí tó bá ti dàgbà kì í fi í hàn. Eegun rẹ̀ ti le. Ó lè gbé e nínú orí títí ayé rẹ̀, kó máa jẹun, kó máa dán. Nígbà tó bá wà láàyè, ewu rẹ̀ ò pọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti darúgbó. Tó bá..."

Ó sì tún sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Lóhùn pẹ̀lẹ́ yẹn.

Ọ̀bẹ ti gé mi. Kò jìn. Kí n fi omi sí i.

Omi yìí tutù. Mo ti máa ń gbàgbé bó ṣe tutù tó. Ọwọ́ màmá máa ń wà nínú rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, nígbà tí òòyì ti ń mú un. Ó ní òun ò lè dúró nínú ilé, pé àjà ń yí. Níbí, tí òun bá di etí ọpọ́n mú, tí òun fi ọwọ́ kan sínú omi, ayé á rọra dúró. Ẹja á wá sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Èmi á jókòó síbi tí mo jókòó sí yìí, màá máa wò wọ́n. Òun tí ayé ń yí lójú rẹ̀, ẹja tó ń yípo lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á wá dúró, àwọn méjèèjì. Màmá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó di ọwọ́ mi mú lẹ́nu ọ̀nà mọ́tò. Kò sọ ti ilé, kò sọ ti ilẹ̀. "Aṣọ́lé — Venko — kò gbọdọ̀ kú sínú omi. Ṣé o gbọ́? Kò gbọdọ̀ kú sínú omi."

Mo gbọ́, màmá. Mo sì ṣe é! Ta ló ṣe é tó mi? Nígbà òtútù mo ń fọ́ yìnyín orí ọpọ́n kó lè mí. Mo na àwọ̀n sórí rẹ̀ nítorí ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn tó ń jẹ ẹja. Lọ́dún tí ọ̀dá dá, tí ìsun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, mo ru omi láti odò wá fún un kí n tó ru tèmi. Kò kú. Kò tíì kú! Ọ̀rọ̀ tí màmá fi sílẹ̀ fún mi kò ju ìyẹn lọ, mo sì mú un ṣẹ, kí wọ́n wá gbé kòròbá wá kí n gbàgbé rẹ̀? Ọ̀rọ̀ màmá mi rèé, ọ̀rọ̀ Teja rèé, èwo ni kí n...

Kí ni ọ̀rọ̀ Teja?

Kí ló sọ? Mo ti ń sá fún un láti àárọ̀. Ó dáa, kó wá. Ó kúnlẹ̀ síbí. Ó ní, "Tó bá kú, tó jẹrà, gbogbo hóró kòkòrò tó wà nínú orí rẹ̀ á tú jáde. Omi ọpọ́n yín ń ṣàn lọ sínú Hladna lókè Àpáta, kì í ṣe nísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Kò gbọdọ̀ kú sínú omi."

Kò gbọdọ̀...

Dúró ná.

Kò gbọdọ̀ kú sínú omi.

Ọ̀rọ̀ kan náà. Kò yí ọ̀rọ̀ kan padà. Níbo ló ti... kò gbọ́ ọ lẹ́nu màmá. Bàbá Lojz ló ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ló ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo àwọn àgbà Zaskala: aṣọ́lé kì í kú sínú omi. Kí ni wọ́n ní lọ́kàn? Omi mímu ni. Ẹja tó bá kú sínú rẹ̀ bà á jẹ́. Tó bá ti gbó, o gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kó tó kú. Ìyẹn ni. Ìyẹn nìkan ni! Wọn ò sọ pé kó má kú. Ta ló máa sọ fún ẹja pé kó má kú? Wọ́n sọ pé kó má kú *síbẹ̀*.

Mo rí i báyìí. Mo rí i kedere, bí ẹni pé lánàá ni. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà níbí ṣáájú èyí. Nítorí àwọn mìíràn wà ṣáájú, dájúdájú! Mo kéré, orí mi ò ju etí ọpọ́n lọ. Ojú kan rẹ̀ ti funfun, ó ti ń fara ti òkúta. Màmá ká apá aṣọ rẹ̀, ó gbé e jáde, ó fi igi tí a fi ń ro polẹ́ńtà, oúnjẹ àgbàdo wa, gbá a lórí lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Mo sunkún. Mo pariwo pé ilé wa ti tì, ilé wa ti tì, nítorí ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ yòókù nìyẹn. Màmá wò mí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìborùn. Ó ní, "Ṣé ẹja ló ń dáná ni?" Ó wọlé. Mo gbọ́ bó ṣe ń ṣẹ́ igi wẹ́wẹ́, mo rí èéfín. "Wá jẹun, aláriwo."

Kò pẹ́ kò jìnnà tó fi mú òmíràn wá láti odò. Ṣùgbọ́n láàárín ìgbà yẹn, ọpọ́n ṣófo. Ọpọ́n ṣófo, a wà nílé. A jí, a jẹun, a fún wàrà lára màlúù. Kò sí ẹni tó wá sọ fún wa pé a ti lọ.

Ṣé ẹja ló ń dáná ni.

Háà, màmá.

Ọwọ́ mi ṣì wà nínú omi. Ẹ̀jẹ̀ ti dá. Ẹja náà ti wá. Kò yí mọ́. Ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ tó tutù sábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, ó dúró síbẹ̀, ó ń fi ìrù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ gbé ara rẹ̀ dúró. Ó wúwo. Ó ti darúgbó lóòótọ́. Awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti hunjọ. Mi ò tíì wò ó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ń wo ilé, mo ń pè é ní ẹja.

Agogo ọ̀sán ń dún nísàlẹ̀.

Ó dáa. Ẹ gbọ́ mi dáadáa báyìí, gbogbo yín, níbi tí ẹ bá wà. Màá gbé e fún un. Èmi fúnra mi ni màá gbé e jáde, èmi ni màá gbá a lórí, pẹ̀lú igi polẹ́ńtà màmá, lẹ́ẹ̀kan. Kò ní í rin ọ̀nà Tolmin nínú kòròbá oníhò kó máa wá afẹ́fẹ́. Kí Teja gbé orí rẹ̀ lọ, kó wo ohun tó fẹ́ wò. Tó bá rí i, kó sọ ọ́. Kí Rafko pariwo. Kí wọ́n ti odò pa, àwọn ọmọ ẹja tó ń yí lókè Àpáta ò ní kí wọ́n wá fi àwọn ṣe ìwé àṣẹ. Mi ò sì ní mú òmíràn wá láti odò ìsàlẹ̀, láyé. Ọpọ́n yóò ṣófo. Màá fọ̀ ọ́, màá fi ẹnu-omi tuntun sí i, omi á máa já sínú rẹ̀ lásán, á máa pariwo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilé ò tì. Zorka, ṣé o ń gbọ́? Ilé ò tì. Tọ́jú yàrá rẹ àti oòrùn rẹ. Tí mo bá ṣubú lórí yìnyín, màá dìde.

Mo rọra yọ ọwọ́ mi. Mo dìde, orúnkún mi ń dún. Mo dojú kòròbá sókè, mo gbé e sétí ọpọ́n, mo sì wọlé. Eérú àárọ̀ ṣì ní ẹ̀yinná nísàlẹ̀. Mo kó èérún igi ẹnu-omi lé e, mo fẹ́ ẹ, ó gbà. Igi tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, èyí tí ènìyàn tó gbọ́n kì í fi dáná nítorí èéfín rẹ̀. Mo kó méjì lé e lórí. Mo tún fi ẹ̀kẹta sí i.

Mo ń gbọ́ mọ́tò Teja, ó ti dé ibi tí ọ̀nà ti ń gún. Bó bá yọ lójú kọ́nà, èéfín mi ni yóò kọ́kọ́ rí. Ó ń jáde báyìí, ó nípọn, ó dúdú, ó ń gun òkè lọ tààrà. Ó tó kí Rafko náà rí i láti ìsàlẹ̀.